Lẹ́tà mẹ́ta sí káńsù, kò sí èsì: ibo ni owó ìrànwọ́ àdúgbò wà gan-an?

“Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá wa. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò kan lẹ́yìn odi Ìbàdàn. Afárá kékeré tó so wá pọ̀ mọ́ títì wó lójò ọdún tó kọjá. Inú omi ni àwọn ọmọ iléèwé ń gbà kọjá báyìí, bí òjò bá sì ti rọ̀, ọkọ̀ kò lè gbé aláboyún jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ti kọ lẹ́tà sí alága káńsù pé kí wọ́n fún wa ní owó ìrànwọ́, a ò rí èsì. Ẹnìkan wá ní òun mọ ọ̀nà, kí a mú ₦150,000 wá fún fọ́ọ̀mù. Àwọn kan nínú wa ní kí a dáwó ká ṣe é fúnra wa, àwọn kan ní bí a bá dáwó, ìjọba yóò gbàgbé wa pátápátá. Ṣé owó yìí wà lóòótọ́? Ṣé dandan ni ká forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀?”

Akọ̀wé, ẹ kú ìnira, ẹ sì kú àforítì. Kí n tó bọ́ sórí ohunkóhun: ẹ má san ₦150,000 yẹn. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìdàgbàsókè àdúgbò, n kò rí ọ́fíìsì ìjọba kankan tó ń ta fọ́ọ̀mù owó ìrànwọ́ fún àdúgbò. Ẹ ní kí ẹni náà kọ orúkọ ọ́fíìsì tí fọ́ọ̀mù náà ti wá sílẹ̀ fún yín, àti orúkọ òṣìṣẹ́ tí yóò gba owó, pẹ̀lú rìsíìtì ìjọba. Ibẹ̀ ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń parí sí.

Ohun tí mo rí nínú ìbéèrè yín ni pé ẹ gbà pé àpò kan wà ní káńsù tó ń jẹ́ gíráǹtì, pé àwọn àdúgbò kan ń gbà níbẹ̀ torí wọ́n lẹ́ni, ẹ̀yin ò sì lẹ́ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn aráàlú ń pè ní gíráǹtì káńsù. Owó wà tí káńsù fúnra rẹ̀ ń yà sọ́tọ̀ nínú ètò ìṣúná ọdọọdún láti fi ti iṣẹ́ tí àdúgbò ń fọwọ́ ara wọn ṣe lẹ́yìn. Owó wà tó jẹ́ ti àjọ ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CSDA, tó ń bá káńsù ṣiṣẹ́ pọ̀ ṣùgbọ́n tí owó rẹ̀ kì í ṣe owó káńsù. Iṣẹ́ ẹkùn tí àwọn aṣòfin ń fà wálé sì tún wà. Bí a ṣe ń béèrè ọ̀kan kọ́ ni a ṣe ń béèrè èkejì, lẹ́tà kan ṣoṣo kò sì lè kárí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti owó káńsù, torí ibẹ̀ ni ìbínú yín wà. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní Àfikún Kẹrin, ka ṣíṣe àti títún ojú ọ̀nà, òpópónà àti gọ́tà ṣe mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ ò ṣìnà bí ẹ ṣe lọ bá wọn. Afárá orí ọ̀nà àdúgbò, tiwọn ni. Bó bá jẹ́ ọ̀nà ìpínlẹ̀ tàbí ti ìjọba àpapọ̀ ni, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, nítorí náà ẹ béèrè ní ẹ̀ka iṣẹ́ òde káńsù, àwọn tó ń rí sí ọ̀nà, kó dá yín lójú. Ṣùgbọ́n pé iṣẹ́ jẹ́ tiwọn, ọ̀tọ̀. Pé owó wà lọ́wọ́ wọn, ọ̀tọ̀. Nínú owó àpò àjọni tí wọ́n ń pín l’Ábújá lóṣooṣù, láìka VAT mọ́ ọn, ìdá 20.60 nínú ọgọ́rùn-ún ni gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 774 ń pín láàárín ara wọn. Láti ọdún gbọọrọ, inú àpò kan tí ìpínlẹ̀ àti káńsù jọ ní ni owó náà ń kọ́kọ́ wọ̀, gẹ́gẹ́ bí abala 162 ìwé òfin ṣe là á sílẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ owó oṣù olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, owó àwọn tó ti fẹ̀yìn tì àti ìpín àwọn ọba, kí èyí tó ṣẹ́kù tó kan alága. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024 pé kí owó káńsù máa lọ sọ́wọ́ káńsù tààrà, àti pé gómìnà kò gbọ́dọ̀ fi ìgbìmọ̀ fìdíhẹẹ́ rọ́pò àwọn tí aráàlú dìbò yàn. Inú mi dùn sí ìdájọ́ yẹn gan-an. Síbẹ̀, àwọn olùkọ́ ṣì gbọ́dọ̀ gbowó, àwọn tó fẹ̀yìn tì ṣì gbọ́dọ̀ jẹun, ìdájọ́ náà kò sì sọ owó kékeré di ńlá.

Èyí ló fà á tí ìrànwọ́ káńsù fún àdúgbò fi sábà máa ń jẹ́ ohun èlò dípò owó: gíréédà fún ọjọ́ kan tàbí méjì, àpò sìmẹ́ǹtì, irin, àwọn òpó kọnkéré tí omi ń gba inú rẹ̀ kọjá, tàbí ẹnjiníà káńsù tí yóò dúró ti iṣẹ́. Ẹni tó bá lọ béèrè owó odindi afárá ti béèrè ohun tí ọ̀pọ̀ káńsù ò ní. Ẹni tó bá lọ béèrè irin àti òpó, tí àwòrán iṣẹ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọn yóò fi àga fún un.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí lẹ́tà. Èyí tí ẹ bá fi lé ọmọọṣẹ́ alága lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà lè má wọ fáìlì láéláé. Èyí tó bá gba yàrá tí wọ́n ti ń gba lẹ́tà wọlé ni wọ́n ń fún ní nọ́ńbà. Wọn yóò fi í sínú fáìlì, alága yóò kọ gbólóhùn kan sí etí rẹ̀ pé kí HLA, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ káńsù, bá òun wò ó. HLA yóò taari rẹ̀ sí ẹ̀ka ìdàgbàsókè àdúgbò, àwọn yẹn yóò wò ó bóyá ẹgbẹ́ yín wà nínú ìwé wọn, wọn yóò sì darí rẹ̀ sí ẹ̀ka iṣẹ́ òde pé kí wọ́n lọ wo ibẹ̀, kí wọ́n díye lé iṣẹ́ náà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà ń kú sí. Kò sí epo nínú ọkọ̀ tí yóò gbé wọn lọ. Lẹ́tà kò sọ ju “àdúgbò wa” lọ, kò sí nọ́ńbà fóònù ẹni tí yóò mú wọn débẹ̀, kò sì sí iye owó kankan nínú rẹ̀. Wọ́n á gbé fáìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, iṣẹ́ mìíràn á dé lé e lórí. Àdúgbò á máa bú wọn pé wọ́n ti jẹ owó ọ̀hún, nígbà tó jẹ́ pé kò tíì sí ẹni tó fọwọ́ sí kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Lẹ́tà yín kejì àti ẹ̀kẹta, bí wọn ò bá tọ́ka sí nọ́ńbà ti àkọ́kọ́, ńṣe ni wọ́n lọ tún ìrìn kan náà rìn. Nítorí náà, gbogbo ìwé tí ẹ bá mú lọ, ẹ mú ẹ̀dà rẹ̀ dání, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí i lójú yín, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà fáìlì náà sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Àkókò náà ṣe pàtàkì. Oṣù kìíní ni ètò ìṣúná káńsù ń bẹ̀rẹ̀, oṣù kejìlá ló ń parí, ohun tí kò bá sì sí nínú rẹ̀ nígbà tí àwọn kánsílọ̀ fọwọ́ sí i, ó nira kí wọ́n tó ná owó lé e lórí. Lẹ́yìn tí òjò bá ti ba nǹkan jẹ́ ni ọ̀pọ̀ àdúgbò máa ń kọ̀wé, ní oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá, nígbà tí owó ọdún yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, tí wọ́n sì ti ń to ti ọdún tó ń bọ̀ parí. Mo máa ń sọ fún àwọn CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, pé kí ìwé wọn ti wọlé kí oṣù kẹjọ tó tán, kí kánsílọ̀ wọ́ọ̀dù wọn sì ní ẹ̀dà tirẹ̀ lọ́wọ́, torí òun ni yóò jókòó nígbà tí wọ́n bá ń yẹ ètò ìṣúná wò. Ẹ ò dárúkọ kánsílọ̀ yín rárá nínú ọ̀rọ̀ yín, ó sì yà mí lẹ́nu. Gbogbo wọ́ọ̀dù ló ń kọ̀wé sí alága. Kánsílọ̀ yín, wọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ló ní, ìbò yín ló sì gbé e débẹ̀.

Kí wá ni ẹ ó kọ? Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó wó afárá náà. Mo mọ àdúgbò tó ń tún afárá kan náà ṣe léraléra torí pé kò sí ẹni tó béèrè ìdí tó fi ń wó. Ní Ìbàdàn, odò kéékèèké kì í ṣe ohun tí à ń fojú di. Òjò ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011 gbá afárá lọ káàkiri ìlú, ẹ̀mí tó bá a lọ sì lé ní ọgọ́rùn-ún. Òjò yẹn ló bí IUFMP, iṣẹ́ ìdènà omíyalé tí Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ní 2014 pẹ̀lú igba mílíọ̀nù dọ́là. Ohun tó sábà ń wó afárá àdúgbò ni pé òpó tí wọ́n rì sílẹ̀ kéré sí omi tó ń gba ibẹ̀ kọjá. Ilé ti pọ̀ lókè odò, ilẹ̀ tó ń mu omi tẹ́lẹ̀ ti di kọnkéré àti páànù, ọ̀rá àti pàǹtí sì ti dí ẹnu òpó. Omi tí kò ríbi gbà yóò gba ẹ̀gbẹ́, yóò máa jẹ iyẹ̀pẹ̀ abẹ́ ọ̀nà díẹ̀díẹ̀ títí ojú ọ̀nà yóò fi jìn. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tiyín, òpó tuntun tí kò tóbi ju ti àtijọ́ lọ yóò tún bá omi lọ. Ẹ wá ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà nílẹ̀ wa, kó wọn ìbú odò, kó wo àmì ibi tí omi ga dé lára ògiri ilé tó wà nítòsí, kó sì sọ bóyá òpó lè gbé e àbí kọnkéré alágbára tí wọ́n máa dà lójú ibẹ̀ ni. Owó tí ẹ bá san fún èyí ni mo kà sí owó tó wúlò jù nínú gbogbo ohun tí ẹ ó ná.

Ìwé tí ẹnjiníà yóò fún yín, tí wọ́n ń pè ní BOQ, yóò ka nǹkan gbogbo lọ́kọ̀ọ̀kan: àpò sìmẹ́ǹtì, irin, tírípù yanrìn àti òkúta, owó àwọn òṣìṣẹ́. Òun ni yóò jẹ́ kí ẹ lè pín ẹrù náà sí méjì nínú lẹ́tà yín: “Yanrìn, òkúta àti iṣẹ́ ọwọ́, àdúgbò ni yóò gbé e. Irin, sìmẹ́ǹtì àti ẹnjiníà tí yóò dúró ti iṣẹ́ ni à ń béèrè lọ́wọ́ káńsù.” Ọ̀gá ẹ̀ka iṣẹ́ òde tó bá ka gbólóhùn bí èyí mọ ohun tí yóò kọ sí etí fáìlì. Ẹ fi àwòrán ibẹ̀ mọ́ ọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àti nígbà òjò, ẹ sọ iye ilé, ẹ dárúkọ iléèwé àti ilé ìwòsàn tí afárá náà so yín pọ̀ mọ́. Ẹ fi àkọsílẹ̀ ìpàdé tí ẹ ti fẹnu kò sí i, pẹ̀lú orúkọ àti ìfọwọ́sí àwọn tó wà níbẹ̀. Kì í ṣe àwọn bàbá onílé nìkan ni kó fọwọ́ sí i o. Àwọn obìnrin, àwọn ọ̀dọ́, àwọn ayálégbé, ọmọ tiwọn náà ń gba inú omi yẹn kọjá. Bí iṣẹ́ náà yóò bá kan ilẹ̀ ẹnikẹ́ni létí odò, kí ẹbí tó ni ín kọ ìwé ìyọ̀ǹda kí ẹnikẹ́ni tó gbé ṣọ́bìrì, torí mo ti rí iṣẹ́ tí owó rẹ̀ ti délẹ̀ tó dúró gbagidi nígbà tí ọmọ onílẹ̀ yọjú ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ ìpìlẹ̀. Kí ẹ sì sọ ẹni tí yóò máa kó pàǹtí kúrò lẹ́nu òpó tí òjò bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìwé tí kò bá sọ ìyẹn, àwa tí à ń kà á máa ń kọminú sí i.

CSDA ló lè gbé afárá odindi, bí ẹ bá yẹ fún un. Àjọ yìí ló ṣe CSDP, ètò tí Báńkì Àgbáyé fowó tì lẹ́yìn láti 2009, tó kọ́ kíláàsì, ilé ìwòsàn, kànga ẹ̀rọ, afárá àti ìsọ̀ ọjà ní ọ̀pọ̀ ìgbèríko. Nígbà tí ìyẹn kásẹ̀ nílẹ̀, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bọ́ sábẹ́ NG-CARES, ètò mìíràn tí Báńkì Àgbáyé ya 750 mílíọ̀nù dọ́là sí lẹ́yìn àjàkálẹ̀ kòrónà. Àdúgbò fúnra wọn ló ń yan iṣẹ́, àwọn ló ń yan ìgbìmọ̀ tí yóò ṣe é, inú àkáǹtì àdúgbò sì ni owó ń wọ̀, ní ìpín-ìpín. Ẹ ó ná ìpín àkọ́kọ́, ẹ ó kó rìsíìtì rẹ̀ jọ, òṣìṣẹ́ àjọ yóò wá fojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ kí ìpín tó kàn tó wọlé. Bí ẹ bá fẹ́ ra sìmẹ́ǹtì, ẹ ó gba iye lọ́wọ́ oníṣòwò mẹ́ta, ẹ ó sì kọ ìdí tí ẹ fi mú ọ̀kan nínú wọn. Ó ń tánni ní sùúrù, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀, torí gbogbo ará àdúgbò ló lè rí ibi tí owó gbà lọ. Lábẹ́ CSDP, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún iye iṣẹ́ ni àdúgbò ń mú wá, yálà lówó tàbí ní yanrìn àti iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ béèrè iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́lọ́wọ́.

Ohun méjì ló lè dí yín lọ́wọ́ níbẹ̀. Àwọn àdúgbò tí ìṣẹ́ bá jù ni wọ́n dìídì dá ètò náà sílẹ̀ fún, nítorí náà àdúgbò tó kún fún ilé tuntun àti ọkọ̀ lè má yẹ, ẹ má sì purọ́ nípa ara yín kí ẹ lè wọlé, torí wọn yóò wá wò yín. Bí NG-CARES sì ṣe ń ṣe owó rẹ̀ ni pé ìpínlẹ̀ ló ń kọ́kọ́ ná tirẹ̀, àwọn ayẹ̀wéwò yóò wá ka iṣẹ́ tó délẹ̀, kí Báńkì Àgbáyé tó san án padà fún wọn. Bí ìpínlẹ̀ kò bá tíì gbé owó kalẹ̀, ìwé yín yóò dúró, bó ti wù kó dára tó.

Ti iṣẹ́ ẹkùn aṣòfin, n kò ní sọ púpọ̀. Ó lè yára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀yin ni yóò yan agbaṣẹ́ṣe, kì í ṣe ẹ̀yin ni yóò sì sọ bí òpó yóò ṣe tóbi tó. Bí aṣòfin yín bá fẹ́ ṣe é, ẹ fi BOQ yín lé e lọ́wọ́, kí ẹ ní èyí ni ìwọ̀n tí odò yín fẹ́.

Nípa pé kí ẹ dáwó àbí kí ẹ má dá a, ẹ̀yin tí ẹ ní kí ẹ dá a ni mo wà lẹ́yìn yín. Kò sí ibi tí owó tí àdúgbò kó jọ ti lé ìrànwọ́ sá ní ojú mi. Òun ni ẹ̀rí pé ẹ kò ní fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ìdajì. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù àwọn tó kù kì í ṣe asán. Bí ẹ bá dáwó, tí ẹ kọ́ afárá náà tán, kò sí ẹni tí yóò dá owó yẹn padà fún yín. Ẹ kó owó náà sí báńkì lórúkọ ẹgbẹ́, kí ó jẹ́ pé ìbuwọ́lù ènìyàn mẹ́ta ni yóò máa mú un jáde, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ obìnrin. Ẹ yọ ti ẹnjiníà níbẹ̀, kí ẹ sì fi díẹ̀ ṣe afárá pákó tó lágbára, tó ní ibi ìdìmú, fún àwọn ọmọ iléèwé kí òjò tó tún dé. Ìyẹn kò lè dúró de ètò ìṣúná ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin òbí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba inú omi náà kọjá mọ́, bó ti wù kó rí lójú bíi pé kò jìn.

CAC kì í ṣe dandan fún ohun tí ẹ ń wá yìí. Ẹ̀ka ìdàgbàsókè àdúgbò ní káńsù ni ẹ ó ti forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi CDA, wọn yóò sì fún yín ní ìwé ẹ̀rí. Ẹgbẹ́ onílé lásán, bó ti wù kó lágbára tó, kò sí nínú ìwé wọn títí ẹ ó fi ṣe èyí, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibẹ̀ ni lẹ́tà yín àkọ́kọ́ há sí. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ gba owó lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ńlá tàbí àjọ ilẹ̀ òkèèrè ni CAC yóò wọ̀ ọ́, ó sì ní owó tirẹ̀ àti ìwé tí ẹ ó máa fi ránṣẹ́ lọ́dọọdún.

N kò lè ṣèlérí fún yín pé bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí, ẹ ó rí i gbà. Mo ti rí ìwé tó pé pérépéré tí wọn ò dá lóhùn nítorí pé àdúgbò náà kò dìbò fún ẹni tó wà lórí àlééfà, mo sì ti rí káńsù tó fọwọ́ sí iṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò dé títí ọdún fi yí. Ohun tó wà níkàáwọ́ yín ni pé kí wọ́n má rí ìwé yín fi ṣàwáwí. Bí oṣù kan bá kọjá láìsí èsì, ẹ lọ pẹ̀lú ẹ̀dà olóǹtẹ̀ yín, kí ẹ bi wọ́n pé tábìlì ta ni fáìlì náà wà. Bí wọn ò bá dáhùn, Òfin FOI ti 2011, òfin tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti rí ìwé ìjọba, fún yín láṣẹ láti béèrè ètò ìṣúná káńsù àti ohun tí wọ́n ná lórí ọ̀nà ní wọ́ọ̀dù yín, láàárín ọjọ́ méje ló sì yẹ kí wọ́n dáhùn. Ní 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òfin náà kan ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, láìbú ẹnikẹ́ni, torí àwọn òṣìṣẹ́ kan náà ni ẹ ó tún nílò lẹ́yìn ọ̀la.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìforúkọsílẹ̀ CDA ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ sì wá ẹnjiníà. Bí BOQ bá ti jáde, ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú lẹ́tà tí ẹ bá kọ, kí n bá yín kà á kí ẹ tó gbé e lọ fún òǹtẹ̀.